Ọmọ Tí A Ṣe Lálejò Nílé Bàbá Rẹ̀

Káàdì kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Kìíní. Ọmọbìnrin àbúrò mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó padà lẹ́yìn ọdún. Orí ìrọ̀rí yàrá tí wọ́n sùn ni mo ti bá a. Ọmọ náà mọ̀wé kọ, ó ya òdòdó pupa sí etí káàdì náà. Ó kọ ọ́ pé: Bìgì Mọ́mì, ẹ ṣé tí ẹ gbà wá sílé, oúnjẹ yín dùn, ẹ tọ́jú wa gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo tún un kà lálẹ́ ni ara mi bù máṣọ. Bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tó gbà á sùn ní ìlú àjèjì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, bàbá bàbá ọmọ yìí ló kọ́ ilé náà sí Iléṣà. Ibojì bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Inú yàrá tó ti kọ káàdì yẹn ni bàbá tó bí i lọ́mọ ti kọ́ ìrìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ò kọ nǹkan kan. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó fi sálúbàtà tí a rà fún un ní ọjà Àtakúnmọ́sà sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì yọrí jáde látinú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ o, ibẹ̀ lòun máa bá a tóun bá dé. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Ìyá kan náà ló bí wọn. Ilé kan náà ni wọ́n dé sí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ. Ọ̀kan ṣe bí àlejò, èkejì ṣe bí onílé. Mo ti ń ro ó láti ìgbà náà, mo sì gbà pé mo mọ ibi tí ọ̀nà wọn ti pínyà.

## Yàrá iwájú

Gbogbo ilé tó ní ọmọ lókè òkun ló mọ bí oṣù Kejìlá ṣe ń rí, n ò ní í tún un rò. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni ètò tí àwa tí a wà nílé máa ń ṣe dè wọ́n. A á ti ra omi inú ike jọ, kí omi kànga má baà da inú wọn rú. A á rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù yàrá iwájú má dákẹ́. A á dín ata ọbẹ̀ tiwọn kù. Oúnjẹ á bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹnìkan á sì dúró tì wọ́n láti béèrè bóyá kí wọ́n fi ẹran sí i. Bí wọ́n bá wá yọjú sẹ́yìnkùlé, a ó sáré dá wọn padà: "Ẹ máa lọ sínú, ilẹ̀ ń yọ̀ níbí, èéfín á kó sí yín lójú."

Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. N ò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìfẹ́ kọ́. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lásìkò Kérésì, tó sì mọ bí ibà ṣe ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò mọ ẹ̀fọn ibí mọ́ ṣánlẹ̀, ó yẹ kó ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ìjọ ṣe ń gba bíṣọ́ọ̀bù tó wá ṣèbẹ̀wò nìyẹn. Bíṣọ́ọ̀bù á jẹun, á súre, á wọ mọ́tò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó retí pé kó mọ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí.

## Ìdí odó

Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ni àpèjẹ ilé wa máa ń bọ́ sí. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni ọjọ́ Kérésì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ń wọlé. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín ti wà lọ́wọ́ alásè. Iyán nìkan ni a kì í gbé jáde. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Ẹni tó bá gbé iyán àtàárọ̀ látinú kúlà síwájú àwọn bàbá wa, etí rẹ̀ á gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́. Asìkò náà sì dára fún iyán. Iṣu oṣù Kejìlá ti gbó, omi ti gbẹ lára rẹ̀, kò dà bíi tuntun oṣù Keje tó ń rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀ nínú odó.

Àbúrò bàbá wa obìnrin ló ń ṣàkóso odó. Ìyá Oníṣu la ń pè wọ́n, torí iṣu ni wọ́n tà ní ọjà Àtakúnmọ́sà títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àpótí, ìró kan ṣoṣo ni wọ́n wọ́ mọ́ àyà, abọ́ omi gbígbóná wà lọ́wọ́ òsì wọn. Géńdé mẹ́ta la bẹ̀ fún gígún. Nígbà tí iṣu àkọ́kọ́ jinná, méjì ló dé. A pe ẹ̀kẹta títí, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Iṣu ò sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti tutù, kókó ló máa dà.

Ọmọkùnrin àbúrò mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Kí n tó lanu láti dá a padà, Ìyá Oníṣu ti rí i.

"Àjàní, gbé nǹkan yẹn sílẹ̀. Bọ́ síbí."

Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Orí fóònù nìkan ló ti máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá ń súre fún un lọ́jọ́ ìbí. Ó wò mí. Mo wo Ìyá Oníṣu. Ojú tí wọ́n fi wò mí padà kò gba àríyànjiyàn. Ọmọ náà gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n sì na ọmọ odó sí i.

Èyí tó kọ́kọ́ gún, etí odó ló bà. Ìkejì kọlu ọmọ odó ẹni tó kọjú sí i, iṣu gbígbóná ta sí i lápá, ó fò sẹ́yìn. Àwọn géńdé yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Oníṣu ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní kí gbogbo wọn dúró. Wọ́n ní, "Má wo odó. Ohùn ni kó o gbọ́. Tèyí á sọ̀, tìyẹn á sọ̀, tìrẹ ló kàn." Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ọmọ àti Ìjẹ̀ṣà ẹnu ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ pàdé, ni wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n sì nawọ́ sí i ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó yé e.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀. Ó dijú, ẹnu rẹ̀ ń kà á. Nígbà tó yá, ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò tẹ̀lé ara wọn, gbì, gbì, gbì, ìkan ò gun ìkan lórí mọ́. Ìyá Oníṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ bọ odó láàárín ìró kan sí èkejì, wọ́n ń yí iṣu, wọ́n ń ṣa kókó, wọ́n ń wọ́n omi. Àyà mi já. Ọwọ́ arúgbó wà nínú odó, ọmọ tí kò gún iyán rí ló sì gbé ọmọ odó sókè lórí rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ wò ó. Kò pẹ́ tí ohùn odó fi yí padà, tí gbì gbígbẹ yẹn di èyí tó ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ igi. Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ ohùn yẹn.

Ìyá ọmọ jáde síta. Ó rí ọmọ rẹ̀ láìwẹ̀wù, òógùn bò ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé róró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀." Ìyá Oníṣu ló dá a lóhùn, wọn ò gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ọwọ́ á jinná. Bá wa bu omi gbígbóná wá." Ó dúró díẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wọlé lọ bu omi.

## Kókó kan

Àjàní fúnra rẹ̀ ló gbé àwo iyán lọ bá àwọn bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa bu òkèlè àkọ́kọ́. Wọ́n yí i lẹ́nu díẹ̀, wọ́n fi ìka yọ kókó kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà, wọ́n gbé e sí etí àwo.

"Ta ló gún iyán yìí?"

Ilé dákẹ́. Àbúrò mi ti fẹ́ máa ṣàlàyé pé ọmọ òun ò ṣe é rí. Ọmọ náà ló dáhùn pé, "Èmi ni, sà." Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "A kì í jẹ iyán oníkókó nílé yìí. Èyí tó kàn, kó o gún un kó kúnná." Wọ́n bu òkèlè kejì, wọ́n ń jẹun wọn lọ.

Mo rò pé ojú máa ti ọmọ yìí, pé á lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà. Ẹ̀kẹta àwọn géńdé ti dé nígbà náà, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò fún un ní ọmọ odó. Nígbà tó gbé iyán kejì wá, kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀ títí bàbá fi jẹ òkèlè mélòó kan tí wọ́n sì mi orí. Wọn ò yìn ín. Orí lásán ni wọ́n mì.

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ yẹn ti dé ni gbogbo wa ti ń yìn wọ́n. Ẹ ti ga o! Ẹ gbọ́ Yorùbá! Wọ́n fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀, a ní kò sí wàhálà. Àlejò là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, torí àlejò máa tó lọ. Ọmọ ilé ni à ń sọ fún pé ohun tó o ṣe yìí ò dára tó, lọ tún un ṣe, nítorí a mọ̀ pé yóò wà níbẹ̀ láti tún un ṣe. Nínú gbogbo ohun tí a fún ọmọkùnrin yẹn ní gbogbo ọdún náà, mi ò rí èyí tó tó ìbáwí ìṣẹ́jú kan yẹn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní yàrá iwájú ní gbogbo àkókò yìí. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń béèrè ohun tó wù ú. Ẹnikẹ́ni ò ní kó dìde. Kí ni ì bá tún kọ bí kò ṣe káàdì?

## Owó gba ipò ọwọ́

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Oníṣu sọ ọ̀rọ̀ bàbá tiwọn fún mi. Òṣómàáló ni bàbá náà. Ó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, ó ń tà á láwìn, ó sì ń padà lọ lóṣòó ti àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Bó bá délé lópin ọdún, wọn kì í jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ balẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fi òrùlé tó ń jò hàn án. Mo ní ṣé kò rẹ bàbá náà ni? Wọ́n ní, "Ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó, á rántí pé òun ti pẹ́ níta."

Ìrìn tiwa ti jìn ju ti òṣómàáló lọ. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò lè fò wá tún òrùlé ṣe, owó ló lè fi ránṣẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí náírà sì wó lulẹ̀ tẹ̀lé e, àpèjẹ tí àwa tí a ń gba owó oṣù nílé máa ń dá ṣe ti kọjá agbára wa. Pọ́n-ùn ló kù tó lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ṣe di ẹni tó ń sanwó alásè, owó àga, owó àgọ́ àti epo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó san gbogbo ìyẹn, ta ni yóò ní kí ọmọ rẹ̀ wá fọ abọ́? Torí kó lè bá wa ṣe ọdún ló ṣe fowó ránṣẹ́, owó náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí à ń ṣe ọdún fún.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Mo mọ ilé tó jẹ gbèsè tòótọ́ torí kí àwọn tó ti òkè òkun bọ̀ má baà rí i pé nǹkan ò rọgbọ. Wọ́n san án di oṣù Kẹrin. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ ẹ́ torí wọn ò sì tíì padà wá.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti àwọn ará òkè òkun. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn tó jẹ́ Mùsùlùmí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá a ṣe Iléyá, àga ni wọ́n gbé fún mi, mo jẹun, mo kí wọn, mo lọ ilé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kí n tó jókòó ló ti gbé abọ́ ìfun àgbò síwájú mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí i: wà á ká etí ìfun sóde díẹ̀ bí ẹni ká apá ẹ̀wù, wà á da omi sínú ibi tó o ká yẹn, omi náà fúnra rẹ̀ ló máa fà á lọ títí inú á fi di òde. Lẹ́yìn náà ni iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ọwọ́ mi rùn di ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀ ò fi ìwé pe ara wa mọ́. Bó bá di Kérésì, ìdí ààrò ni mo máa ń bá a, á ti máa bu ọbẹ̀ tọ́ wò, á ní iyọ̀ ò tó.

## Àwọn tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn

Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin kan máa kà á dé ibí, inú á sì máa bí wọn. Wọ́n jàre. Ìyàwó ilé tó ti dìde ní aago mẹ́rin ìdájí, tó ń jẹun lórí ìdúró, tó jẹ́ pé ìgbà tí àlejò bá lọ tán ló máa tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti wú, kò nílò kí n wá sọ fún un pé iṣẹ́ ni iyì. Iyì ti tó o.

Ibi tí mo ti rí àléébù ni pípín. Iṣẹ́ kún ọwọ́ àwọn kan, ọwọ́ àwọn kan sì ṣófo. Àwọn ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìgò ọtí, ọmọ ilé ni wọ́n, àlejò kọ́. Bí wọ́n bá ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọn ò ní ọwọ́ obìnrin nìkan ni kí a kó jọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a fún ẹni tó jókòó, ọrùn ẹni tó ti ń ṣe é látàárọ̀ ni kí a ti gbé e kúrò. Bí ẹni yẹn náà bá wá jókòó sí yàrá iwájú fún wákàtí kan nínú ọdún, tí ẹnìkan gbé omi tútù fún un, kí ni ìyẹn gbà?

N ò sọ pé kí a máa na ọ̀bẹ sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Àna tó kọ́kọ́ wá, ẹ jẹ́ kó jókòó. Arúgbó tí eegun ń dùn, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tó wakọ̀ láti Àbújá lóru, ẹ fún wọn ní àga tó dára jù nínú ilé.

## Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀

A ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Alásè á se ìrẹsì nìkan, èyí tó kù di ti ilé. Àwọn ọkùnrin ló ni abọ́ fífọ̀, mo sì ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ tán. Àbúrò mi ní òun á ṣì sanwó àga, mo ní kó san án, kó sì múra láti tò ó. Ìyàwó rẹ̀ béèrè nípa ẹ̀fọn, mo sọ fún un pé kí wọ́n lo oògùn ibà kí wọ́n tó gbéra bí dókítà bá ṣe sọ, nẹ́ẹ̀tì á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tún béèrè ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá ni Ìyá Oníṣu gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí wọ́n pe ọmọbìnrin yẹn wá. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Wọ́n bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun mọ kéèkì ṣe. Wọ́n ní kéèkì dára, kó wá ṣe é, ṣùgbọ́n ata ló máa kọ́kọ́ lọ̀. Ó ní ṣé bílẹ́ńdà wà.

"Ọlọ ni."

Ọmọ náà dákẹ́. Ó wá béèrè, díẹ̀ ní Yorùbá, díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n òun fi gba odó tí òun sì gba ọlọ, ṣé torí pé òun jẹ́ obìnrin ni?

Ìyá Oníṣu wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ lọ́rọ̀. Wọ́n ronú díẹ̀. "Ó dáa. Wá gún iyán. Àjàní á lọ ata."

Láti inú yàrá kejì ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti gbọ́ ohùn Àjàní, ó ń pariwo pé òun ò gbà, odó òun ni.